Òfin àti Criminology kì í ṣe ọ̀kan náà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ lórí Òfin àti Criminology (ẹ̀kọ́ nípa ìwà ọ̀daràn), ọ̀rọ̀ tó kan àwa òbí tí ọmọ wa ń múra ìdánwò JAMB.

Ní káfè kan ní Àrákàlẹ̀, mo gbọ́ tí bàbá kan ń sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tẹ kọ̀ǹpútà pé, "Lọ́ọ̀ ni kí o kọ́kọ́ fi sí i, bí máàkì rẹ̀ kò bá gbé e, fi Criminology tẹ̀lé e, ṣebí ọ̀kan náà ni wọ́n." Ọmọ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ wá dúró sẹ́yìn, kò fọhùn. Ọ̀pọ̀ wa ló rò bíi ti bàbá yìí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ di agbẹjọ́rò yóò ka Òfin fún ọdún 5, yóò sì tún lọ sí Ilé-ẹ̀kọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀. Criminology, tí í ṣe ẹ̀kọ́ ọdún 4, ń wádìí ohun tó ń sún èèyàn dé ìdí ìwà ọ̀daràn, bí ọlọ́pàá àti ilé-ẹjọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́, àti ohun tí a lè ṣe kí ẹni tó tẹ̀wọ̀n dé má baà padà síbẹ̀. Bó ti wù kí ọmọ mọ̀ ọ́n tó, kò lè torí rẹ̀ wọ wíìgì níwájú adájọ́.

Síbẹ̀, n kò fojú kéré rẹ̀. Òfin ọdún 2019 tó sọ iléeṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n di ti àtúnṣe fàyè gba ìjìyà tí a ń ṣe láti ìta, bíi iṣẹ́ ìlú, èyí sì nílò àwọn tó kọ́ṣẹ́ láti máa bójú tó o. Ẹ tún wò ó pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó wà lọ́gbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà ni ilé-ẹjọ́ kò tíì dá lẹ́jọ́. Ta ni yóò wádìí ìdí rẹ̀?

Fásitì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ọyẹ́-Èkìtì, nítòsí wa, ní ẹ̀ka ẹ̀kọ́ yìí; NOUN, fásitì ìjọba àpapọ̀ tí èèyàn ti lè máa kàwé láti ilé, tó ní ibùdó ní Àkúrẹ́, náà ń kọ́ ọ, èyí tó lè rọ òṣìṣẹ́ Amọ̀tẹ́kùn tó fẹ́ kàwé lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ibi yòówù kí ó jẹ́, ẹ wádìí lọ́dọ̀ NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn fásitì, bóyá wọ́n fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà gan-an, nítorí ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń yẹ̀ wò. Kí ẹ sì bèèrè bóyá wọ́n ń kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ilé-ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n bíi Olókùúta. Ní tèmi o, ẹ̀ka tó jẹ́ pé inú ìwé nìkan ni ọmọ ti ń rí ọgbà ẹ̀wọ̀n kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi.

Mo rọ àwọn olùkọ́ agbaninímọ̀ràn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ìpínlẹ̀ Òǹdó kí wọ́n pe agbẹjọ́rò àti òṣìṣẹ́ ọgbà àtúnṣe wá bá àwọn ọmọ SS 1 sọ̀rọ̀. Bó bá di SS 3, ó ti pẹ́: ọmọ tí kò bá ka Lítíréṣọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàṣà ni fásitì tí yóò gbà á fún Òfin.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òbí kan, Òkè-Àró, Àkúrẹ́