Ìpè fún Ìdáwó Ẹgbẹ́: Ẹ Jẹ́ Kí Tíṣà Ìlú Wa Fojú Ara Rẹ̀ Rí Bí Ó Ṣe Ń Kọ́ni

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ọmọ ìlú wa nílé, lóko àti lẹ́yìn odi, a kí yín o.

Ìpàdé gbogbogbòò ti fọwọ́ sí i pé yàrá ìkọ́ṣẹ́ fún àwọn olùkọ́ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tó wà nílùú ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ yóò dáwó lé lọ́dún yìí. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti máa wo fídíò ara wọn bí wọ́n ṣe ń kọ́ni. Owó tí a ń wá jẹ́ ₦8,000,000. Kí ẹ tó tọwọ́ bàpò, ó tọ́ kí ẹ mọ ohun tí a fẹ́ fi ṣe, ìdí tí a fi yàn án, àti ibi tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti máa ń dojú dé.

Àwọn kan béèrè pé kí ló dé tí a kò kúkú ra tablet fún àwọn ọmọ. Tí ogójì tablet bá bọ́ sọ́wọ́ ogójì ọmọ, tí olùkọ́ wọn kò sì mọ bí a ṣe ń bi ọmọ ní ìbéèrè tí yóò mú un ronú, ohun ìṣeré ni yóò dà kí sáà kan tó parí. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tí iṣẹ́ yé dáadáa, gbogbo ọmọ tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá títí tí yóò fi fẹ̀yìn tì ló máa jẹ àǹfààní rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ní kí ẹ̀rọ kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ olùkọ́.

Ọ̀nà tí a fẹ́ gbà kì í ṣe tuntun. Ní 1963, Dwight Allen àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ohun tí gbogbo ẹni tó ka NCE, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ olùkọ́, mọ̀ sí microteaching. Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ á kọ́ ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á ká a sórí fídíò, á jókòó wò ó pẹ̀lú ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà, á ṣàtúnṣe, á sì tún ẹ̀kọ́ náà kọ́. Inú wíwò àti títún-un-kọ́ ni gbogbo agbára rẹ̀ wà. Níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ bá ti pọ̀ ju ẹ̀rọ lọ, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń fò: akẹ́kọ̀ọ́ á dúró níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, á sọ tẹnu rẹ̀, wọ́n á fún un ní máàkì, ó parí. Tó bá dé ẹnu TP, ìyẹn ìgbà tí akẹ́kọ̀ọ́ lọ ń fi iṣẹ́ kọ́ra nílé-ìwé, olùbẹ̀wò á wá jókòó lẹ́yìn kíláàsì níwọ̀nba ìgbà tí àyè bá gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lè lo ọgbọ̀n ọdún lẹ́nu iṣẹ́ láìfojú ara rẹ̀ rí bí ó ṣe ń kọ́ni. Àwọn àgbà sì ní ojú olójú kò jọ ojú ẹni.

Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀kọ́ kan péré. Olùkọ́ Praimárì Kẹrin kọ 1/3 àti 1/4 sójú pátákó, ó ní, "Èwo ló tóbi jù nínú méjèèjì?" Kí àwọn ọmọ tó mí, ó ti pe ẹni tó nawọ́ níwájú. Ọmọ náà ní 1/4 ni, torí pé mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Olùkọ́ ní, "Rárá o, 1/3 ni. Ṣé ó ti yé yín?" Gbogbo kíláàsì gbé e lẹ́nu pọ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni, sà!" Kò yé wọn. Lọ́kàn olùkọ́, ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà lọ déédéé. Nígbà tó bá wo fídíò rẹ̀ ni yóò rí i pé àwọn ọmọ mẹ́ta kan ní ìlà iwájú ni òun ń pè ṣáá, pé òun kò tilẹ̀ jẹ́ kí ọmọ yẹn ṣàlàyé bí ó ṣe rò ó, àti pé kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan tí òun fi dúró lẹ́yìn ìbéèrè.

Ìṣẹ́jú àáyá yẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Ní àwọn ọdún 1970, Mary Budd Rowe, onímọ̀ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ní Amẹ́ríkà, rí i nínú ìwádìí rẹ̀ pé bí ìṣẹ́jú àáyá kan ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ fi ń dúró kí wọ́n tó gba ìdáhùn tàbí kí wọ́n tó dáhùn fúnra wọn. Nígbà tí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ á gùn sí i, àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í nawọ́, ìdákẹ́ àti "mi ò mọ̀" á sì dín kù. Dídúró bẹ́ẹ̀ kò náni ní kọ́bọ̀. Àmọ́ ẹ sọ fún olùkọ́ pé ó ń kánjú, kò ní gbà. Ẹ jẹ́ kó fi aago ka á lórí fídíò ara rẹ̀, á gbà. Lọ́jọ́ tó bá tún un kọ́, á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní bébà méjì tí wọ́n gùn dọ́gba, wọ́n á ṣẹ́ ọ̀kan sọ́nà mẹ́ta, wọ́n á ṣẹ́ èkejì sọ́nà mẹ́rin, wọ́n á gbé ọ̀kọ̀ọ̀kan léra wọn, á bi wọ́n léèrè, á sì pa ẹnu mọ́ títí tí ọwọ́ tó nà sókè yóò fi pọ̀.

Bí a ṣe fẹ́ ṣe é rèé. Ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan yóò gba fóònù Android kan tó ní àyè 128 GB, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí a ń gbé fóònù lé, àti gbohùngbohùn kékeré tí a ń há mọ́ aṣọ. Olùkọ́ mẹ́rin ni a ó kọ́ nílé-ìwé kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn jẹ́ mẹ́rìnlélógún. A kò fẹ́ kọ́ ẹnì kan ṣoṣo, torí ọjọ́ tí ìjọba ìbílẹ̀ bá gbé e lọ sílé-ìwé mìíràn, ìmọ̀ náà bá a lọ nìyẹn, fóònù á sì wọ inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni fídíò kan, kò gbọ́dọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni bá ká odindi wákàtí kan kò ní ráyè wò ó. 720p, ìyẹn àwòrán tó mọ́ níwọ̀nba, ni a ó máa lò: ìṣẹ́jú kan máa ń gba bíi 60 MB, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fóònù dé fóònù ló yàtọ̀, fídíò kan á sì gba nǹkan bíi 600 MB. Ẹ̀gbẹ́ kíláàsì ni kí fóònù dúró sí, kó kẹ́yìn sí fèrèsé. Bó bá dojú kọ fèrèsé, òjìji dúdú ni olùkọ́ yóò jẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kó sì jẹ́ pé ojú àwọn ọmọ ló ń rí, kì í ṣe ẹ̀yìn orí wọn, torí ojú ọmọ ni a fi ń mọ̀ bóyá ẹ̀kọ́ ń wọlé. Ohùn ló ṣòro jù. Fóònù tó wà lọ́ọ̀ọ́kán, ariwo kíláàsì kejì ló máa gbọ́, ìdí nìyẹn tí a fi ń ra gbohùngbohùn. Ibi bọ́tìnnì kejì ni kí wọ́n há a sí, kí ìborùn tàbí ìlẹ̀kẹ̀ má baà máa gbá a. Tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ sún un di ọ̀la.

Ọjọ́ kan náà tàbí ọjọ́ kejì ni kí wọ́n wò ó, àwọn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀ẹ̀kínní, wọ́n á pa ohùn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì kí wọ́n lè rí ibi tí ẹsẹ̀ àti ojú olùkọ́ ń lọ. Lẹ́yìn náà, ẹnì kan á máa ka iye ìbéèrè àti iye ọmọ tí a pè, ẹnì kejì á máa ka ìdákẹ́ tó tẹ̀ lé ìbéèrè. Ẹni tó ni fídíò ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni yóò mú láti tún ṣe, á sì tún kọ́ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ẹni tí a bá ka àléébù méje sílẹ̀ fún kò ní tún èyíkéyìí ṣe.

Àdéhùn kan wà tí a kò ní yẹ̀ lórí rẹ̀: olùkọ́ ló ni fídíò rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé, alábẹ̀wò, àti àwa gan-an tí a dáwó, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi fún un ní kúẹ́rì tàbí fi dá ìgbéga rẹ̀ dúró. Ọjọ́ tí ẹyọ kan bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo olùkọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í ká ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti kọ́ àwọn ọmọ sórí tẹ́lẹ̀, fídíò á dára lójú, kò sì ní wúlò fún nǹkan kan. Òbí á fọwọ́ síwèé kí a tó ká ọmọ rẹ̀, fídíò kankan kò gbọ́dọ̀ dé orí WhatsApp, a ó sì pa wọ́n rẹ́ ní òpin sáà, àfi èyí tí olùkọ́ àti òbí bá fọwọ́ sí pé kí a fi kọ́ àwọn mìíràn.

Irú èyí tí a fọwọ́ sí yẹn ṣe pàtàkì sí wa gan-an, pàápàá èyí tí wọ́n fi Yorùbá kọ́. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ àwùjọ fún odindi ọdún mẹ́fà ní ilé-ìwé St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́, lábẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀. Ìwé ni wọ́n kọ́kọ́ ní láti kọ, kí olùkọ́ lè rí nǹkan dìmú. Lónìí, olùkọ́ tuntun tó bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń fi Yorùbá ṣàlàyé ìdá nínú odidi yẹ kó lè rí ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe níwájú rẹ̀.

Yàrá tí a fẹ́ tún ṣe ni wọn yóò ti máa pàdé ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Projector kan, láptọ̀ọ̀pù méjì àti Raspberry Pi kan ni yóò wà níbẹ̀. Kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju páálí káàdì lọ ni Raspberry Pi, ó sì lè gbé Kolibri àti Kiwix, àwọn ètò tí a fi ń ka ẹ̀kọ́ àti ìwé láìsí íńtánẹ́ẹ̀tì, kí fóònù tó wà nítòsí máa ka ohun tó wà lórí rẹ̀ láìra dátà. A ó kó ìwé TESSA sí i, ìyẹn ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ ọ̀fẹ́ tí Open University ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ní Áfíríkà jọ ṣe, àti Wikipedia Yorùbá. Orí SSD, ìyẹn dísíìkì ìpamọ́ tó lágbára, ni a ó kó wọn sí. Káàdì SD máa ń bàjẹ́ nígbà tí iná bá ṣàdédé lọ bí ó ṣe ń kọ nǹkan lọ́wọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ yìí ń kú sí.

Ní ti iná, a ti ṣe ìṣirò rẹ̀. Projector 200 W fún wákàtí méjì jẹ́ 400 Wh (wáàtì ní ìlọ́po iye wákàtí). Láptọ̀ọ̀pù méjì fún wákàtí mẹ́rin, 400. Fáànù méjì fún wákàtí mẹ́rin, 480. Raspberry Pi àti router, 160. Fóònù mẹ́fà, 120. Gílóòbù, 120. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 1,680 Wh lójúmọ́. Bátìrì lithium 2.5 kWh, ìyẹn 2,500 Wh, á gbé e lọ́jọ́ tí oòrùn kò bá yọ rárá. Páńẹ́ẹ̀lì 550 W méjì, lábẹ́ oòrùn gidi wákàtí mẹ́rin, á mú bíi 3,300 Wh wá lẹ́yìn ohun tó bá ṣòfò lọ́nà. Nígbà tí òjò bá mú un dé ìdajì, ó kù bíńtín kó tó wa. Ìdí tí a kò fi ra ẹyọ kan nìyẹn, ìdí náà sì ni a kò fi ní gba fíríìjì tàbí ẹ̀rọ ìlọta kankan láyè lórí ínfátà yẹn, ẹni yòówù tí ìbáà bẹ̀ wá. Lásìkò ọyẹ́, kí wọ́n máa nu páńẹ́ẹ̀lì lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Nígbà ìsinmi gígùn, kí wọ́n fi fóònù sílẹ̀ lórí bátìrì ìdajì. Èyí tó bá kú fin-ín-fin-ín fún oṣù méjì lè má jí mọ́.

Bí owó náà ṣe pín nìyí. Fóònù mẹ́fà àti ohun èlò wọn jẹ́ ₦1,110,000. Láptọ̀ọ̀pù, projector, Raspberry Pi àti router jẹ́ ₦1,440,000. Sólà, ínfátà, bátìrì àti iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ ₦2,000,000. Àtúnṣe yàrá, pẹ̀lú ilẹ̀kùn irin àti tábìlì, jẹ́ ₦950,000. Owó ọkọ̀, oúnjẹ ọ̀sán àti owó àwọn olùdánilẹ́kọ̀ọ́ fún ọdún kan jẹ́ ₦1,200,000. Ó ku ₦1,300,000, tí a ó fi pa mọ́ lọ́tọ̀ fún wáyà tó já, gbohùngbohùn tó kú àti ojú fóònù tó fọ́. Àwọn kan fẹ́ kí a yọ èyí kúrò kí owó lè dín kù. A kò gbà. Nítorí wáyà tí kò tó ẹgbẹ̀rún márùn-ún ni ẹ̀rọ ọ̀kẹ́ àìmọye náírà fi ń di ilé eruku.

A kò ní dúró de gbogbo owó kí a tó bẹ̀rẹ̀. Bí ₦2,310,000 bá ti kọ́kọ́ wọlé, a ó ra fóònù, a ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́, torí ibikíbi ni a ti lè fi iná sí fóònù. Sólà àti yàrá á tẹ̀ lé e.

Ọmọ ẹgbẹ́ tó wà nílé, ₦15,000. Ẹ̀ka Èkó, Ìbàdàn àti Abuja, ₦40,000. Ẹ̀ka ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, £60. Ẹ̀ka Amẹ́ríkà, $80. Ẹni tàbí ẹgbẹ́ ọjọ́ orí tó bá fẹ́ dá gbé ohun èlò ilé-ìwé kan, ₦185,000 ni. Àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, àkókò yín ni a ń tọrọ, ọ̀sán kan lọ́sẹ̀, kí ẹ bá àwọn ọmọ yín jókòó wo fídíò.

Ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ni òpin ìdáwó. Àpò ẹgbẹ́ ní báńkì nìkan ni kí ẹ san án sí. Akọ̀wé ẹ̀ka yín ló ní nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ má san án fún ẹnikẹ́ni lọ́wọ́, kódà bó jẹ́ alága. Akápò yóò máa ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde ní gbogbo ìpàdé oṣooṣù, rìsíìtì á sì wà nílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ fi fóònù tàbí láptọ̀ọ̀pù tí ẹ ti lò ránṣẹ́, inú wa á dùn. Kí fóònù jẹ́ Android 10 sókè, kí ẹ ti yọ àkáǹtì Google yín kúrò lórí rẹ̀, torí bí ẹ kò bá yọ ọ́, ẹni tó bá gbà á kò ní lè ṣí i. Kí láptọ̀ọ̀pù wá pẹ̀lú ṣájà rẹ̀. Èyí tí bátìrì rẹ̀ bá ti wú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ránṣẹ́, ó lè gbiná lọ́nà.