Lẹ́tà sí Màmá mi: ilé kọ́rì àti ọ̀rọ̀ búkà tí Ṣadé fẹ́ ṣí

Birmingham,
Alẹ́ ọjọ́ Àìkú.

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọjà, ẹ kú ìdáná, ẹ kú ojú lọ́nà wa. Báwo ni orúnkún yín? Mo gbà á ládùúrà pé oògùn tí mo fi rán Bọ̀dá Wálé ti tẹ̀ yín lọ́wọ́. Ara mi le, iṣẹ́ ọsibítù ń lọ, òtútù náà sì ti ń dín kù.

Ẹ bi mí léèrè lórí fóònù níjọ́sí pé bí Ṣadé bá wá ṣí búkà síbí, ṣé òyìnbó á jẹ oúnjẹ wa, àbí àwa ara wa náà la ó kàn máa tà fún. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n rò ó. Mo ti rò ó, Mà, ọ̀rọ̀ náà sì pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè sọ tán lórí fóònù lọ, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́. Wọ́n á jẹ ẹ́. Mo fi ojú ara mi rí ẹ̀rí rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, nígbà tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́ta lọ jẹun nílé oúnjẹ kọ́rì kan. Kọ́rì ni wọ́n ń pe ọbẹ̀ eléròjà àwọn ará Íńdíà àti Pakistan níbí.

Apá gúúsù ìlú yìí ni àdúgbò náà wà, láàárín Sparkbrook, Balsall Heath àti Sparkhill. Balti Triangle ni wọ́n ń pè é, nítorí àwọn ilé tí wọ́n ti ń ta balti, irú kọ́rì kan, tó wà níbẹ̀. Àwọn ará Pakistan ló ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, pàápàá àwọn tí ìdílé wọn wá láti Mirpur ní ilẹ̀ Kashmir. Ìtàn wọn wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ní àwọn ọdún 1960 ni ìjọba wọn kọ́ ìsédò Mangla, omi bo ilé àti oko àwọn ènìyàn tó lé ní 100,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn rí ìwé iṣẹ́ gbà, wọ́n gba Ìlú Ọba lọ. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ohun tí ojú àwọn ará abúlé rí nígbà tí wọ́n ṣe ìsédò Ọ̀yán, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ṣe yín ní àjèjì. Ilé iṣẹ́ irin àti ilé iṣẹ́ mọ́tò ni ọ̀pọ̀ wọn ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ níbí. Nígbà tó di àwọn ọdún 1970 tí iṣẹ́ wọ̀nyẹn ń bàjẹ́, àwọn kan lára wọn yíjú sí oúnjẹ, ìgboro Birmingham yìí gan-an ni balti sì ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń sè é, nítorí mo mọ̀ pé ibẹ̀ lẹ ń dúró dè. Páànù irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni, ó ní etí méjì, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Wọ́n á gbé e lé iná tó ń jó fòfò, wọ́n á da òróró sí i, kì í ṣe bọ́tà. Àlùbọ́sà, aáyù, ata ilẹ̀, tòmátì, àwọn èròjà olóòórùn, ẹran adìẹ tí wọ́n ti yọ eegun rẹ̀. Wọn kì í kúrò nídìí rẹ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rò ó láìdúró, kò sì ní pẹ́ tó fi jinná. Kò sí pé wọ́n ń bù ú sí abọ́ mìíràn. Páànù tí wọ́n fi sè é náà ni wọ́n gbé wá síwájú wa, ó ṣì ń hó, òróró ń ta yíká etí rẹ̀, ewé korianda tútù tí wọ́n wọ́n sórí rẹ̀ ń rọ lójú wa. Ènìyàn kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan etí páànù yẹn o.

A kò gba ìrẹsì rárá. Naan la fi jẹ ẹ́, búrẹ́dì pẹlẹbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ààrò amọ̀ kan tó gbóná janjan. Èyí tí wọ́n gbé fún wa tóbi débi pé àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la jọ ya ọ̀kan ṣoṣo, ó sì gba ààyè tábìlì tán. Ọwọ́ ọ̀tún la fi ń ya á, la fi ń bu ọbẹ̀. Kò sí ẹni tó bèèrè fún ṣíbí. Mo wo òyìnbó tó wà láàárín wa, ọkùnrin ará Dudley tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù, ó ń fi ìka nu ìdí páànù. Ó ní bàbá òun ló kọ́kọ́ mú òun débẹ̀, lọ́jọ́ tí wọ́n lọ wo bọ́ọ̀lù, ọmọdé lòun. Mà, ojú yẹn ni mo rí tí mo fi sọ pé wọ́n á jẹ tiwa.

Ọ̀rẹ́ mi kejì, Kerala ní gúúsù Íńdíà ló ti wá, nọ́ọ̀sì bíi tèmi ni. Òun ló ní ìnáwó, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ga lẹ́nu iṣẹ́. Ó jẹun yó, ṣùgbọ́n ó ní oúnjẹ yìí kì í ṣe oúnjẹ ilé òun. Ẹja tí wọ́n fi àgbọn sè ni tiwọn, àti pákí sísè. Ẹ gbọ́ o: pákí! Wọ́n á bó o, wọ́n á gé e, wọ́n á sè é, wọ́n á fi jẹ ọbẹ̀ ẹja tó ta. Ọkọ̀ àwọn Potogí ló gbé pákí àti ata kúrò ní Amẹ́ríkà dé ọ̀dọ̀ tiwọn, àwọn náà ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí mo sọ fún un pé gaàrí la máa ń fi í ṣe, ó ní dandan ni kí n mú wá. Ó tún yà á lẹ́nu pé ẹ máa ń da kọ́rì inú agolo sí ẹran pẹ̀lú táìmù. Nílé wọn, olúkúlùkù ló ń yan èròjà tirẹ̀, tí ó ń lọ̀ ọ́. Òyìnbó ló pa gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú agolo kan, tí ó gbé e káàkiri ibi tó jọba lé lórí, títí tó fi dé ìdí ààrò yín ní Láfẹ́nwá. Ẹnìkẹta wa, tí òbí rẹ̀ wá láti Jàmáíkà, ní ewúrẹ́ oníkọ́rì ni oúnjẹ àríyá tiwọn; àwọn ará Íńdíà tí wọ́n kó lọ ṣiṣẹ́ oko ìrèké níbẹ̀ láti 1845 ló gbé e débẹ̀.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀gá ilé oúnjẹ náà pé alásè ni ìyá tó bí mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní kí n wá yọjú wo ìdí iná. Ìkòkò kan wà níbẹ̀, ó ga dé ìbàdí mi, àlùbọ́sà ló kún inú rẹ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń gbé e kaná pẹ̀lú aáyù, ata ilẹ̀, tòmátì díẹ̀ àti ata ilẹ̀ pupa. Ó di ìgbà tí àlùbọ́sà bá rọ̀ wọ́lọ́ kí wọ́n tó lọ̀ ọ́ kúnná. Òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo ọbẹ̀ yòókù tí wọ́n ń tà. Bí oníbàárà bá ní korma, wọ́n á bù nínú rẹ̀, wọ́n á fi àgbọn àti ìpara wàrà sí i, kò ní ta rárá. Bí ó bá ní madras, wọ́n á fi ata sí i dáadáa. Vindaloo tún ju ìyẹn lọ. Jalfrezi, ata tútù àti àlùbọ́sà gígé ló ń lọ sí i. Kò sí èyí tó ń gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo dúró níbẹ̀ mo ń wò ó, mo rí yín ní ìdájí, tí ẹ ń se ata sílẹ̀ kí àwọn awakọ̀ tó dé, tí ẹ ó bù nínú rẹ̀ fún ẹ̀fọ́, tí ẹ ó tún bù fún ọbẹ̀ ẹja. Iṣẹ́ kan náà ni, Mà.

Ibi tí wọ́n ti ta wá yọ ni pé orúkọ kan náà ló wà lórí ìwé oúnjẹ wọn ní gbogbo ìlú. Ẹni tó ń jẹ madras ní Glasgow mọ bí yóò ṣe ta tó bí ó bá dé Cardiff. Ẹni tí kò lè jẹ ata rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, bó bá yá, á tẹ̀ síwájú fúnra rẹ̀. Ẹ̀fọ́ rírò tiwa ńkọ́? Èyí tí mo jẹ ní Peckham àti èyí tí mo jẹ ní Manchester, kò sí ẹni tó máa mọ̀ pé orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe débẹ̀. Ní 1810 ni ọkùnrin ará Íńdíà kan, Sake Dean Mahomed, ti ṣí ilé oúnjẹ kan sí London fún àwọn ọlọ́lá. Nígbà tó di 1812, gbèsè ti wọlé tọ̀ ọ́. Ní 1926, ilé oúnjẹ Íńdíà mìíràn, Veeraswamy, ṣí ní Regent Street ní London, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibi tí mẹ̀kúnnù ń wọ̀. Àwọn tó mú kọ́rì wọ ara gbogbo ìlú ni àwọn ará Sylhet, ní Bangladesh òde òní. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n. Lẹ́yìn ogun Hitler, àwọn kan nínú wọn ra ṣọ́ọ̀bù kékeré tí wọ́n ti ń ta ẹja àti ọ̀dùnkún díndín, wọ́n ń ta ohun tí òyìnbó mọ̀ lọ, wọ́n sì ń sè kọ́rì díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Títí dòní, ará Bangladesh ló ni ọ̀pọ̀ ilé tí wọ́n ń kọ “Íńdíà” sí ojú pátákó wọn.

Ohun tí mo ń sọ ni pé àárín ni kí Ṣadé dúró sí. Àwa náà ti ní èyí tó wà lókè: ní 2024, wọ́n fún Adejoké Bakare ní ìràwọ̀ Michelin, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún ilé oúnjẹ, fún Chishuru, ilé oúnjẹ rẹ̀ ní London, inú mi dùn débi pé mo pariwo. A sì ní búkà tí àwa nìkan ń jẹ, tí a ti ń gba oúnjẹ wa sínú ọ̀rá. Èyí tí kò pọ̀ ni ibi tí tábìlì ti mọ́, tí omi wà nínú jọ́ọ̀gì, tí ìdílé kan lè mú ìyá àgbà wọn wá ṣọjọ́ ìbí, tí wọ́n á jẹ, tí wọ́n á yó, tí owó ẹnìkọ̀ọ̀kan kò sì ní ju nǹkan bí ogún pọ́n-ùn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa ṣe rí ní ọjọ́ Ẹtì yẹn, a tún fún ọmọ tó gbé oúnjẹ wá ní nǹkan.

N kò ní tan yín o. Iṣẹ́ náà le. Ọ̀gá yẹn sọ fún mi pé àwọn ọmọ òun ti kàwé, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fẹ́ dúró nídìí iná di ọ̀gànjọ́. Ó ń yangàn bó ṣe ń sọ ọ́, ó sì ń dùn ún. Alásè ṣòro láti rí, owó gáàsì ti gbówó lórí, ilé balti tó wà ládùúgbò yẹn lónìí kò sì tó bí wọ́n ṣe pọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí Ṣadé bá fẹ́ ṣe é, kí ó mọ̀ pé oorun rẹ̀ ni yóò fi san án.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láti ìsinsìnyí nìyí. Kí ó jókòó tì yín ní ìdájí pẹ̀lú ìwé àti òṣùwọ̀n. Gbogbo ohun tí ẹ bá da sínú ata yẹn, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó kọ ọ́: tàtàṣé mélòó, iyọ̀ tó báwo, irú tó báwo, ìṣẹ́jú mélòó lórí iná. Mo mọ̀ pé ọwọ́ yín lẹ fi ń mọ̀ ọ́n, ẹ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa dá yín dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara dà á fún un. Kí ó mú oúnjẹ mẹ́fà péré: ẹ̀fọ́ rírò, ọbẹ̀ ata, ayamáṣe pẹ̀lú ọ̀fadà, mọ́ínmọ́ín, iyán àti ẹ̀gúsí. Kí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà máa rí bákan náà lójoojúmọ́. Ní tìjọba, ó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù ní ọjọ́ 28 ó kéré tán kí ó tó ṣílẹ̀kùn, àwọn tó ń wo ìmọ́tótó yóò sì wá fún un ní máàkì láti òdo dé márùn-ún. Márùn-ún ni kí ó gbà. Ẹni tí ẹ bá tọ́ nídìí ààrò yín kò lè gba mẹ́rin.

Ẹ bá mi kí Bàbá, kí wọ́n má gbàgbé láti lọ wo ojú wọn ní ọsibítù. Ẹ kí Bọ̀dá Wálé àti ìyàwó wọn, ẹ kí Ìyá Alájé tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yín. Ẹ bá mi fi gaàrí Ìjẹ̀bú tó kíkan dáadáa ránṣẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá ń bọ̀, kí ẹ di ti ọ̀rẹ́ mi ará Kerala lọ́tọ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Fúnmiláyọ̀