Lẹ́tà sí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Tó Fẹ́ Fi Ìtàn Ẹrú Ṣe Fíìmù

Àjọkẹ́ ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo gbọ́ pé ìtàn ẹrú ni o fẹ́ fi ṣe fíìmù tí o máa fi gboyè, àti pé àwọn olùkọ́ rẹ ní Leeds ti to àwọn fíìmù ńláńlá Amẹ́ríkà kalẹ̀ fún ọ pé kí o fi ṣe àwòkọ́ṣe. Wò wọ́n dáadáa, nítorí àwọn tó mọṣẹ́ ló ṣe wọ́n. Àmọ́ bí o ti ń wò wọ́n, máa bi ara rẹ pé ta ni wọ́n gbé kọ́kọ́rọ́ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ lé lọ́wọ́. Bí ó bá kan ìyà, wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe: kòbókò, ọjà ẹrú, ìyá tí wọ́n já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ó bá wá kan bí ìdè ṣe já, lọ́yà kan tàbí òyìnbó onínúure kan á yọjú, ẹrú tí à ń bá bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ á sì di ẹni tó jókòó tó ń retí.

Mú Amistad tí Steven Spielberg gbé jáde ní 1997. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní àbùkù: nínú òkùnkùn ọkọ̀ tó ń jẹ́ Amistad, Sengbe Pieh, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó lẹ́rú, ń fi ìka lásán yọ ìṣó lára pákó títí ẹ̀jẹ̀ fi bo ọwọ́ rẹ̀, kí ó lè fi tú ara rẹ̀ sílẹ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gba ọkọ̀ náà tán, tí àwọn ará Amẹ́ríkà sì mú wọn, ni ilé-ẹjọ́ gba fíìmù mọ́ wọn lọ́wọ́, tí ọ̀rọ̀ sì di ti àwọn lọ́yà àti ti John Quincy Adams, tó ti jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà rí. Òótọ́ ni pé Adams bá wọn rojọ́ ní 1841, wọ́n sì jàre. Ṣùgbọ́n kí ó tó dúró níwájú adájọ́, ọmọdé kan láàrin wọn tó ń jẹ́ Kale, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ Gẹ̀ẹ́sì nínú àhámọ́ ní Connecticut, ti kọ lẹ́tà sí i fúnra rẹ̀, tó ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ tí àwọn ṣẹ̀ tí wọ́n fi tì wọ́n mọ́lé. Fíìmù náà kò lo èyí. Wọ́n ráyè hùmọ̀ ọkùnrin kan tí kò sí nínú ìtàn, Theodore Joadson, fún Morgan Freeman láti ṣe, wọn kò ráyè fún Kale.

12 Years a Slave tí Steve McQueen ṣe ní 2013 sàn jù ú lọ, nítorí ojú Solomon Northup, ọkùnrin dúdú olómìnira tí wọ́n jí gbé tà lẹ́rú, ni a fi ń wo gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí wọ́n gbé e dé Ítálì, ojú Brad Pitt, tí kò pẹ́ rárá nínú eré náà, ni wọ́n tẹ̀ gàdàgbà sórí ìwé ìpolówó kan, wọ́n sì fi Chiwetel Ejiofor tó ni eré ṣe kékeré sísàlẹ̀. Ariwo ni wọ́n pa kí wọ́n tó kó o kúrò nílẹ̀. Danny Glover, òṣèré Amẹ́ríkà, ní tirẹ̀ wá owó fún ọdún pípẹ́ láti ṣe fíìmù nípa Toussaint Louverture, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú ogun tí àwọn ẹrú Haiti bẹ̀rẹ̀ ní 1791, tó sọ wọ́n di orílẹ̀-èdè òmìnira ní 1804. Ó sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn olówó fíìmù yin iṣẹ́ náà, wọ́n wá bi òun pé àwọn akọni aláwọ̀ funfun inú rẹ̀ dà.

Ìtàn tí mo fẹ́ kí o mú ni ti àwọn ẹrú tó dìtẹ̀ ní Salvador ní Bahia, ní Brazil, ní 1835, nítorí ti wa ni. Ìmàle ni wọ́n, Yorùbá tí wọ́n ń pè ní Nàgó lọ́hùn-ún ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àgbà kan wà láàrin wọn, Pacífico Licutan, tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún gidigidi. Àwọn ènìyàn rẹ̀ dáwó láti rà á padà, ọ̀gá rẹ̀ kọ̀, wọ́n tún dá a lẹ́ẹ̀kejì, ó tún kọ̀. Nígbà tí ọ̀gá náà wá jẹ gbèsè, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé dúkìá rẹ̀, Licutan sì wà lára dúkìá. Bí wọ́n ṣe tì í mọ́ túbú nìyẹn láìṣẹ̀ láìrò, kí wọ́n lè lù ú ní gbàǹjo. Ní òru 24 mọ́jú 25 oṣù kìíní, nígbà tí ààwẹ̀ Ràmàdáánì ń parí lọ, wọ́n jáde sígboro nínú aṣọ funfun, idà lọ́wọ́, tírà lọ́rùn. Ẹnìkan ti tú àṣírí fún ìjọba, nítorí náà wọn kò lè dúró de àárọ̀ tí wọ́n dá. Túbú tí bàbá wọn wà ni wọ́n kọ́kọ́ kọrí sí. Wọn kò rí i tú sílẹ̀, nǹkan bí 70 nínú wọn ló sì bá ìjà náà lọ. Nígbà tí adájọ́ béèrè orúkọ Licutan, Bilal ló pe ara rẹ̀, orúkọ ẹrú tó di ládánì Ànábì Muhammad.

Antônio Pitanga, àgbà òṣèré Brazil, ti fi ìtàn yìí ṣe fíìmù. Wá a wò, kí o má baà tẹ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Má sì fi tiwa pamọ́ o. Ọ̀tẹ̀ Àfọ̀njá ní Ìlọrin àti ogun tó fọ́ Ọ̀yọ́ ló kó púpọ̀ nínú wọn dé etí òkun, ọmọ Yorùbá sì wà nínú àwọn tó mú wọn tà.

Inú túbú ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń wá gba ìre lọ́wọ́ àgbà tí wọ́n tì mọ́lé nítorí gbèsè ẹlòmíràn. Jẹ́ kí wọ́n sọ Yorùbá láàrin ara wọn, kí o kọ Gẹ̀ẹ́sì sísàlẹ̀ fún àwọn tí kò gbọ́. Fi abala àkọ́kọ́ ránṣẹ́ sí mi kí o tó fi han àwọn olùkọ́ rẹ, kí n lè bá ọ tún Yorùbá inú rẹ̀ ṣe. Bá mi kí màmá rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ kékeré.