Ẹ bi wọ́n léèrè ẹni tí yóò tún un ṣe

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka ohun tí ẹ kọ nípa omi ẹ̀rọ onísólà tí wọ́n ṣí ní abúlé kan, mo sì rí fọ́tò àwọn ìyá tó ń jó yí táńkì ká. Inú mi dùn fún wọn. Ṣùgbọ́n àyà mi já, nítorí èmi náà jó bẹ́ẹ̀ ní abúlé oko wa lẹ́bàá Ìdèrè ní Ìbàràpá, ọdún mẹ́ta sẹ́yìn.

Oṣù mẹ́jọ péré lomi fi yọ. Àpótí kékeré tó ń darí iná láti ara sólà lọ sọ́dọ̀ ẹ̀rọ inú kànga ló jó lọ́jọ́ tí àrá sán. Ẹni tó wá wò ó láti ìgboro ní tuntun la máa rà, Èkó ló sì ti máa wá. Owó tó pè kọjá ohun tí gbogbo ilé wa lè dá jọ lọ́dún kan. Àwọn tó gbé e wá kò gbé fóònù mọ́. Sólà ṣì wà lókè, ewúrẹ́ ń sùn lábẹ́ táńkì, àwa ti padà sódò.

N kì í ṣe ọ̀tá ẹ̀rọ. Télọ̀ ni mí, ẹ̀rọ ni mo fi ń jẹun láti bí ogójì ọdún. Mo ń kọ̀wé nítorí pé ojú mi ló ṣe tí ohun tí kò wọ́n rárá gba Ìbàràpá lọ́wọ́ ìyà ńlá, mi ò sì fẹ́ kí a gbàgbé bó ṣe rí.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí sòbìà, aràn gígùn tó ń yọ lára èèyàn. Bàbá mi ní i lẹ́sẹ̀ méjèèjì lọ́dún kan náà, ní àsìkò tó yẹ kó máa kọ ebè. Ojú ibẹ̀ kọ́kọ́ wú bí eéwo, ó bẹ́, nǹkan funfun bí òwú ìránṣọ sì yọrí jáde. Bàbá á fi igi tín-ín-rín ká a, á fà á díẹ̀ lónìí, á fà á díẹ̀ lọ́la, torí tó bá já sínú, ẹsẹ̀ á wú ju tàtẹ̀yìnwá lọ. Ó lè gùn tó mítà kan. Ọ̀sẹ̀ méje ni bàbá mi kò fi tẹ ilẹ̀ oko, ebi sì pa wá lọ́dún yẹn. Kò sí oògùn tó ń wò ó, kò sí títí dòní, kò sì sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.

Àwọn àgbà gbà pé ara èèyàn ló ti ń wà láti inú ìyá. Àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ lágbègbè wa láti ọdún 1963, ló ń là wá lóye pé omi la fi ń mu ún. Kòkòrò kan tí ojú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí ló ń gbé ọmọ sòbìà mì nínú omi adágún, àwa náà á gbé kòkòrò mì. Bí ọdún bá yí po, á yọ lẹ́sẹ̀. Tí ẹlẹ́sẹ̀ náà bá wọ odò lọ pọnmi, sòbìà á tún bímọ síbẹ̀.

Aṣọ tí a ó fi máa sẹ́ omi mímu ni wọ́n gbé wá fún wa. Aṣọ ọ̀rá kan ni, ojú rẹ̀ há débi pé kòkòrò náà kò lè kọjá. Mo ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ nígbà tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi. Èmi ló ní kí n máa gé e ní roboto, kó fẹ̀ ju ẹnu àmù lọ, kí n ṣẹ́ ẹ létí, kí n ki rọ́bà sí i kó lè di ẹnu àmù mú pinpin. Ẹ̀rọ ẹlẹ́sẹ̀ la fi ń rán an, kò béèrè iná. Iye tí à ń tà á kò ju owó iṣu kan lọ. Kò pẹ́ rárá kí àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n lò, nítorí ta ni kì í sẹ́ ògì nínú wọn? Ohun kan ṣoṣo tí à ń tẹnu mọ́ ni pé ojú tó wà lókè lánàá náà ni kó wà lókè lónìí, kí kòkòrò tó há sójú aṣọ má baà bọ́ sínú àmù. Tó bá lu, a kì í lẹ̀ ẹ́, a ó gé tuntun lójú ẹsẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa kò jìnnà sílé ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn tó ní sòbìà ní Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Ọdún 2008 la rí ẹni ìkẹyìn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i ní 2013 pé ó ti tán nílẹ̀ wa. Kì í ṣe aṣọ nìkan ló ṣe é o. Oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi wà níbẹ̀, àwọn tó ń tojúlé dé ojúlé ṣàlàyé wà níbẹ̀, Jimmy Carter, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan rí, àti Ọ̀gágun Yakubu Gowon náà sì jà fún un. Ṣùgbọ́n ní tiwa, aṣọ ti wà lẹ́nu àmù tipẹ́ kí kànga ẹ̀rọ tó dé.

Kànga ọ̀hún, èyí tí à ń fọwọ́ tẹ̀, India Mark II ni wọ́n ń pè é. Awọ roboto tó ń ti omi sókè nísàlẹ̀ ló máa ń gbó. Lọ́dún tí tiwa gbó, ọkùnrin mẹ́fà ló fa páìpù irin rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń làágùn yọ̀bọ̀. Aránbàtà kan gé awọ màlúù lọ́nà tó bá a mu, ó rẹ ẹ́ sínú òróró mọ́jú. Nígbà tí wọ́n dá a padà, omi yọ, ó sì lo ọdún kan àti ààbọ̀. Mo wá gbọ́ lẹ́yìn náà pé India Mark III wà, tí páìpù rẹ̀ fẹ̀ débi pé èèyàn lè fa awọ gba inú rẹ̀ jáde láì tú páìpù kankan. A ò bá ti bẹ̀bẹ̀ fún ìyẹn. Kànga tí à ń fọwọ́ tẹ̀ yìí gan-an ni wọ́n tú kúrò kí wọ́n lè ki ẹ̀rọ sólà sínú ihò rẹ̀. Ìyẹn ló ń dùn mí jù. Kò sí èyí tá a lè tẹ̀ mọ́, kò sí èyí tó ń dá ṣiṣẹ́.

Mi ò ní kí wọ́n má gbé sólà wá. Kí wọ́n fi kànga àfọwọ́tẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n jẹ́ ká mọ ọjà tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara rẹ̀, kó jẹ́ ibi tí ọ̀kadà lè gbé wa dé ká sì padà lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n fi sípánà sílẹ̀ lábúlé. Kí wọ́n sì kọ́ àwọn obìnrin níṣẹ́ àtúnṣe rẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni wọ́n kọ́ fún ọjọ́ méjì nígbà tiwa, Èkó ló wà báyìí, n kò bá a wí, iṣẹ́ ló wá lọ. Àwa tí à ń pọnmi la kì í kúrò nílé.

Olóòtú, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí wọ́n bá tún pè yín wá ya fọ́tò, ẹ bi wọ́n léèrè lójú gbogbo ayé: ta ni yóò tún un ṣe? Kí ẹ sì rán akọ̀ròyìn yín padà síbẹ̀ tó bá pé ọdún kan. Tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ wa, kó wá ní ìdájí, kó bá wa dé odò.

Èmi ni,
Ìyá Télọ̀, Ìbàràpá