Fritz Wunderlich àti ọ̀rọ̀ ọ̀fun rẹ

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní ọ̀fun máa ń dùn ọ́ nígbàkígbà tí ẹ̀yin tẹ́nọ̀, ẹ̀yin ọkùnrin tí ohùn yín ga, bá dé ibi tí orin ti ga. Jọ̀ọ́, má fi agbára fa ohùn mọ́. Gbọ́ Fritz Wunderlich, ará Jámánì tó kọ tẹ́nọ̀ nínú ọ́pẹ́rà, eré orí ìtàgé tí wọ́n ń fi orin ṣe.

Tẹ́nọ̀ kan wà tí ohùn rẹ̀ le bí irin, tó lè borí gbogbo fèrè àti ìlù. Ti Wunderlich kọ́ nìyẹn. Tirẹ̀ mọ́ gaara, ó ń dán, irú ohùn tí wọ́n máa ń fún ní ipa ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìfẹ́ ti wọ̀ lára. Bó bá ń gòkè, o ò ní mọ̀ pé òkè ni.

Kusel ní Jámánì ni wọ́n bí i sí ní 1930. Olórin ni bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 5 péré ni nígbà tí bàbá kú, ìyá sì ń kọ́ni lórin kí wọ́n lè jẹun. Ní ilé ẹ̀kọ́ orin ní Freiburg, ó kọ́ fèrè ìwo mọ́ orin kíkọ. Ó sì ń bá ẹgbẹ́ olórin ijó ṣeré kó lè rówó ná. Èmi gbà pé fèrè yẹn ló fún un ní èémí. Kò sí bí èèyàn ṣe lè fi èémí tan fèrè ìwo: bó bá já, orin já.

Ilé ọ́pẹ́rà Stuttgart gbà á ní 1955. Ibẹ̀ ló ti rọ́pò ẹlòmíràn gẹ́gẹ́ bíi Tamino, ọmọ ọba inú The Magic Flute, ọ́pẹ́rà tí Mozart kọ, orúkọ rẹ̀ sì tàn. Lẹ́yìn náà ni Munich àti Vienna.

Ní September 1966, ó ń múra láti kọrin ní Metropolitan Opera, ilé ọ́pẹ́rà ńlá ní New York, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Wọ́n ní okùn bàtà rẹ̀ ni kò so. Ó kú ní 17 September, ó ku ọjọ́ 9 kó pé ọmọ ọdún 36. Ọ̀rẹ́ mi, ó ṣì máa ń dùn mí.

Ọjọ́ 13 ṣáájú ikú rẹ̀, ó kọ Dichterliebe, àkójọ orin ìfẹ́ ti Schumann, ní Edinburgh, wọ́n sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Wá a. Gbé ọwọ́ lé ikùn rẹ bí o ṣe ń gbọ́ ọ, kí o sì kọ̀wé sọ fún mi ibi tó ti ń mí, torí pé títí di òní, etí mi ò tíì bá a.

Èmi ni,
Ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́