Ẹ wo ohun tí Dickens yí padà

Sí Olóòtú,

Ó ń dùn mí báwọn tó ń ṣàlàyé ìwé ìtàn àròsọ fáwọn ọmọ iléèwé ṣe máa ń sọ pé ìtàn ilé ara rẹ̀ ni òǹkọ̀wé kọ, tí wọ́n á sì fi síbẹ̀. Charles Dickens, òǹkọ̀wé ará England, ni wọ́n máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ jù, pẹ̀lú ìwé rẹ̀, David Copperfield.

Ní oṣù kejì ọdún 1824, wọ́n ti bàbá rẹ̀, John, mọ́ ẹ̀wọ̀n onígbèsè Marshalsea ní London, nítorí pọ́n-ùn 40 àti ṣílè 10 tó jẹ oníbúrẹ́dì. Charles, ọmọ ọdún 12, ti ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ pólíìṣì bàtà nígbà náà, ṣílè 6 lọ́sẹ̀. Á fi bébà tí wọ́n fi òróró pa bo ẹnu ìkòkò pólíìṣì, á fi bébà búlúù lé e, á fi okùn dì í, á wá fi àlùmọ́gàjí rẹ́ etí rẹ̀ yípo kó gún. Tí ìkòkò bá ti pọ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ ìwé orúkọ ọjà mọ́ wọn. Lẹ́yìn tí bàbá jáde, ó bá ẹni tó gba ọmọ síṣẹ́ jà, ọmọ sì kúrò. Ìyá rẹ̀, Elizabeth, ló lọ parí ìjà náà, ó fẹ́ kó padà síbẹ̀. Bàbá ló ní iléèwé ló ń lọ. Charles ò gbàgbé ti ìyá yẹn títí ayé. Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni ò jẹ́ ká mọ̀: ẹ̀yìn ikú Charles ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ John Forster tó gbé ìtàn yìí síta.

Ẹ wá wo David Copperfield, tó jáde ní 1849 sí 1850. Ilé ìkówáìnìsí ni ilé pólíìṣì dà, ìgò ni David ń fọ̀. Bàbá rẹ̀ ti kú kí wọ́n tó bí i. Murdstone, ọkọ ìyá rẹ̀, ló rán an lọ síbi iṣẹ́. Bàbá Dickens gan-an wá di Micawber, onígbèsè ọlọ́yàyà tí David ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nígbà tí kì í ṣe òun ló bí i, kò sídìí tí David á fi bínú sí i.

John, bàbá Dickens, kú ní 1851. Ní 1855 ni ìwé rẹ̀ míì, Little Dorrit, bẹ̀rẹ̀ sí í jáde: nínú rẹ̀, bàbá kan, William Dorrit, lo ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ní Marshalsea, ó ń gbowó lọ́wọ́ àlejò, ọmọ rẹ̀ obìnrin ń ránṣọ fún èèyàn kó lè bọ́ ọ, bàbá ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. Lójú tèmi, Dickens ò lè kọ èyí nígbà tí bàbá rẹ̀ ṣì lè kà á.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní káwọn ọmọ fa ìlà sí àárín bébà, kí wọ́n kọ ẹni tó wà nílé sápá kan, kí wọ́n kọ ẹni tó wà nínú ìwé sápá kejì. Tí wọ́n bá dé orí ìyá, wọ́n á rí i pé nínú David Copperfield, ìyá ti wà nínú sàréè kí wọ́n tó rán ọmọ lọ fọ ìgò.

Olùkọ́ lítíréṣọ̀ kan,
Ìbàdàn.