Gbọ́ Ìbéèrè Náà Kí O Tó Wá Fọ́múlà

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí iṣẹ́ rẹ lórí títo lẹ́tà inú ọ̀rọ̀. O ní o ti há gbogbo fọ́múlà permutation (títò) àti combination (ṣíṣà láìka ipò) sórí, síbẹ̀ ìdáhùn rẹ kì í bá ti ẹ̀yìn ìwé mu. Fọ́múlà kọ́ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí ìbéèrè ń sọ ni o kì í dúró gbọ́. Kí bírò rẹ tó kan ìwé, béèrè nǹkan mẹ́ta: ṣé ipò tí lẹ́tà wà já mọ́ nǹkan? Ṣé lẹ́tà kan fara hàn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ? Ṣé gbogbo lẹ́tà la óò lò, àbí díẹ̀ nínú wọn?

Mú LAGOS: ọ̀nà mélòó la lè gbà to lẹ́tà rẹ̀? Lẹ́tà márùn-ún ni, kò sí méjì tó jọra. Lẹ́tà márùn-ún ló lè wà ní ipò kìíní. Tí ọ̀kan bá ti gba ibẹ̀, mẹ́rin ló kù fún ipò kejì, bẹ́ẹ̀ títí: 5 × 4 × 3 × 2 × 1, ó di 120. Òun ni à ń pè ní 5!. Mọ 6! (720), 7! (5040) àti 8! (40320) lórí, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn ọ́ pé òdo ni 0!; ọ̀kan ni.

Ní ti ipò, odù Ifá fi í hàn kedere ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Ojú odù mẹ́rìndínlógún ló wà. Tí a bá mú méjì tí kò jọra, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, 16 × 15 ni, ìyẹn 240, nítorí Ogbè-Ọ̀yẹ̀kú kì í ṣe Ọ̀yẹ̀kú-Ogbè. Permutation nìyẹn. Fi mẹ́rìndínlógún tí ọ̀tún àti òsì wọn jọra, bí Ogbè Méjì, kún un, ó di 256. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ láàárín ọ̀tún àti òsì ni, ẹ̀ẹ̀mejì ni à bá máa ka ohun kan náà, à bá sì pín 240 sí 2, kó di 120. Combination nìyẹn: títò tí a ti yọ ipò kúrò nínú rẹ̀. Tó o bá ṣa lẹ́tà mẹ́ta, 3! lo máa fi pín. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, 4!.

Ọ̀rọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ jọra ló ń pa akẹ́kọ̀ọ́ lára jù. IBADAN ní lẹ́tà mẹ́fà, A sì jẹ́ méjì. Ká ní o fi bírò pupa kọ A kan, o fi dúdú kọ èkejì: ọ̀nà 720 ni. Nu àwọ̀ náà kúrò, gbogbo ètò tó wà níbẹ̀ á di méjì-méjì tó jọra, nítorí náà 720 ÷ 2 = 360. Tí o bá ń ṣiyèméjì, dán an wò lórí OKO: OKO, OOK, KOO, mẹ́ta péré, 3! ÷ 2!. Máa fi irú ọ̀rọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀ yẹ ara rẹ wò nígbà gbogbo.

OGBOMOSO ní lẹ́tà mẹ́jọ, O mẹ́rin. Ẹni tó bá fi 4 pín dípò 4! máa rí 10080, kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣìnà. Má wulẹ̀ ṣírò 40320 ÷ 24, kọ ọ́ ní 8! ÷ 4!, pa 4! tó wà nínú méjèèjì rẹ́, ó ku 8 × 7 × 6 × 5, ìyẹn 1680. (Tó bá jẹ́ álífábẹ́ẹ̀tì tiwa la fi ka Ogbómọ̀ṣọ́ láìka àmì ohùn, gb á di lẹ́tà kan, o àti ọ á sì yàtọ̀: lẹ́tà méje, o méjì, ọ méjì, 1260. WAEC kò ní bi ọ́ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó wù mí kó o rí i.)

Ó wá ku ABEOKUTA, tí gbogbo ẹ̀tàn ìdánwò wà nínú rẹ̀. Lẹ́tà mẹ́jọ, A méjì: 20160. Fáwẹ́lì márùn-ún ni A, E, O, U, A. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ni B, K, T. Tí wọ́n bá ní kí gbogbo fáwẹ́lì wà pa pọ̀, dì wọ́n ní ìdì kan. Ìdì kan àti kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta jẹ́ nǹkan mẹ́rin, 4! = 24. Nínú ìdì náà, 5! ÷ 2! = 60. Ìsọdipúpọ̀ wọn jẹ́ 1440. Inú ìdì yẹn ni ọ̀pọ̀ ń gbàgbé láti tò.

“Kí gbogbo fáwẹ́lì má ṣe wà pa pọ̀” jẹ́ 20160 − 1440 = 18720. Ṣùgbọ́n “kí fáwẹ́lì méjì má ṣe kan ara wọn” jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá. Kọ́ńsónáǹtì mẹ́ta ní àlàfo mẹ́rin péré (iwájú àti ẹ̀yìn wà nínú rẹ̀), fáwẹ́lì márùn-ún ò lè gba ibẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí náà òdo ni ìdáhùn. Yí i padà: kí kọ́ńsónáǹtì méjì má ṣe kan ara wọn. Fáwẹ́lì ni kó o kọ́kọ́ tò, ọ̀nà 60; àlàfo mẹ́fà ló wà, B, K àti T á gba mẹ́ta níbẹ̀, 6 × 5 × 4 = 120. 60 × 120 = 7200.

Tí wọn kò bá lo gbogbo lẹ́tà, fífi 2! pín kò ṣiṣẹ́ mọ́. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́ta mélòó ló wà nínú IBADAN? Ọ̀pọ̀ á kọ 6 × 5 × 4 = 120, 120 ÷ 2 = 60, wọ́n á sì gba òdo. Kì í ṣe gbogbo ètò ló ní A méjì, nítorí náà pín ọ̀ràn náà sọ́nà méjì. Níbi tí kò ti sí lẹ́tà tó jọra, a ní A, I, B, D, N: 5 × 4 × 3 = 60. Níbi tí A méjì wà, lẹ́tà kẹta lè jẹ́ mẹ́rin, ó sì lè wà ní ipò mẹ́ta: 12. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 72.

Wọ́n tún lè béèrè ipò IBADAN tí a bá to gbogbo 360 bí ìwé atúmọ̀ èdè. Ka àwọn tó ṣáájú rẹ̀: èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A jẹ́ 120 (A kan ló kù), B 60, D 60 (A méjì ṣì kù). Lẹ́yìn I, èyí tí A tẹ̀ lé jẹ́ 24. Lẹ́yìn IBA, èyí tí A tẹ̀ lé jẹ́ 2. Ó di 266, IBADAN fúnra rẹ̀ sì ni 267. Má gbàgbé láti fi ọ̀kan yẹn kún un.

Ṣe ti ILORIN fúnra rẹ: iye ètò rẹ̀, iye èyí tí I méjì kò ti kan ara wọn, àti ipò rẹ̀. Mo retí 360, 240 àti 41. Tí tìrẹ bá yàtọ̀, fi gbogbo ìṣirò rẹ ránṣẹ́ sí mi, kì í ṣe ìdáhùn nìkan.

Èmi ni bàbá rẹ.